Ta ló sọ pé inṣọ́ránsì ló máa san owó ọkọ̀ háyà?

Ìyá kan tó jẹ́ tísà ní Mọ́dákẹ́kẹ́ gbé àpòòwé kan wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta inṣọ́ránsì ọkọ̀ ní Lágéré. Rìsíìtì ló kún inú ẹ̀ fọ́fọ́. Ẹnì kan ló fi ọkọ̀ gbá wọn lẹ́yìn, ọkọ̀ wọn wà lọ́dọ̀ panẹ́ẹ̀lì bítà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n sì ń háyà ọkọ̀ tó ń gbé wọn lọ sílé ìwé tó sì ń gbé wọn bọ̀, ₦15,000 lójúmọ́. "Ọmọ mi, bá mi gba owó mi lọ́wọ́ kọ́ńpínì ẹ." Mo bi wọ́n pé ta ló ní kọ́ńpínì máa san án. Wọ́n ní àbúrò àwọn tó wà ní Houston ni: nígbà tí wọ́n gbá ọkọ̀ tiẹ̀, inṣọ́ránsì ló fún un ní òmíràn tó ń lò.

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, àánú sì ṣe mí. Iye tí ìyá yìí san fún third party, inṣọ́ránsì tó kéré jù tí òfin fi dandan lé ọlọ́kọ̀, fún ọdún kan gbáko, iye yẹn gan-an ni wọ́n ń san fún háyà lójoojúmọ́.

Kì í ṣe àwọn nìkan. Mo ń gbọ́ ọ ní Sábó, mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn olùkọ́ Yunifásítì. Ká sọ tòótọ́, àwa tí à ń ta inṣọ́ránsì lẹ́bi tiwa níbẹ̀. Bí oníbàárà bá ti ń lọ́ tìkọ̀, a ó ní "ẹ fọkàn balẹ̀, gbogbo ẹ̀ ti wà nínú ẹ̀." Gbogbo èwo?

Third party tí ìjọba fi dandan lé, ₦15,000 ni fún ọkọ̀ àdáni láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. ₦5,000 ni tẹ́lẹ̀. Tẹlòmíràn ni wọ́n ṣe é fún. Bí ẹ bá ba ọkọ̀ ẹlòmíràn jẹ́, kọ́ńpínì yín lè sanwó àtúnṣe rẹ̀ dé ₦3,000,000. Tiyín tí imú rẹ̀ ti wó, ẹ̀yin àti mẹkáníìkì yín lẹ jọ mọ̀ ọ́n. Ìwé tí kò lè tún ọkọ̀ yín ṣe, báwo ló ṣe máa háyà òmíràn fún yín?

"Comprehensive ni tèmi o." Ẹ kú owó. Ìyẹn kò gbọ́dọ̀ dín sí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye owó ọkọ̀: ọkọ̀ ₦4,000,000, ₦200,000 lọ́dún. Ó ń tún ọkọ̀ yín ṣe lóòótọ́. Àmọ́ ẹ ṣí ìwé àdéhùn náà sí ibi tí wọ́n to ohun tí kọ́ńpínì kò ní san sí. Ẹ ó rí i pé àdánù tó bá tẹ̀yìn ìjàǹbá yọ wà níbẹ̀, ogbó ọkọ̀ wà níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì tó dédé kú náà wà níbẹ̀. Owó háyà, inú àdánù tó tẹ̀yìn yọ ló bọ́ sí, àfi bí ẹ bá fowó ra àfikún tó dárúkọ rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá wá nọ́ọ̀kì lójú ọ̀nà Ìpetumodù, ẹ má wulẹ̀ pè mí.

Àbúrò ìyá kò parọ́ ṣá o. A pè é lórí WhatsApp lójú mi. Ohun tó ní, rental reimbursement, ìyẹn àfikún tó ń dá owó háyà padà, ni wọ́n ń pè é ní Amẹ́ríkà, ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì ń sanwó rẹ̀ mọ́ inṣọ́ránsì. Ó ní iye tó lè ná lójúmọ́, ó sì ní ibi tó gbọ́dọ̀ dúró. Bó bá háyà jíìpù tó ju ìyẹn lọ, àpò ara rẹ̀ ló máa fi dí i. Ìjàǹbá tí inṣọ́ránsì rẹ̀ gbà nìkan ló wà fún. Bó bá jẹ́ síbíìsì ló gbé ọkọ̀ lọ ṣe, kò sí kọ́bọ̀. Ọmọkùnrin náà lọ wo ìwé rẹ̀: ó ti ń san án lóṣooṣù láti ìgbà tó ti ra ọkọ̀, kò mọ̀.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé ọkọ̀ aládùúgbò ni ọ̀pọ̀ wa ń háyà nígbà tí tiwa bá wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ n máa fún yín ní nǹkan, kí n lo Corolla yín dé ọjọ́ Ẹtì." Inṣọ́ránsì ọkọ̀ àdáni wà fún ìlò ara ẹni, kò sí fún ọkọ̀ tó ń pawó. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ tí kọ́ńpínì sì gbọ́ pé owó ti wọ̀ ọ́, wọ́n lè kọ̀ jálẹ̀. Corolla ti bàjẹ́, àdúgbò náà ti bàjẹ́. Ọkọ̀ tó ní ìwé ọkọ̀ èrò ni kí ẹ háyà, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n fi inṣọ́ránsì rẹ̀ hàn yín.

Rìsíìtì inú àpòòwé ìyá ò ṣòfò. Òfin gbà kéèyàn béèrè owó háyà lọ́wọ́ ẹni tó jẹ̀bi, bó bá ti ní ẹ̀rí. A kọ̀wé sí kọ́ńpínì ẹni tó gbá wọn. Owó àtúnṣe kò pẹ́ tó fi dé. Ti háyà, lẹ́yìn lẹ́tà mẹ́rin, ìdajì ni wọ́n san.

Nígbà tí ìyá wá tún ti ọdún yìí san, wọ́n mú awò ojú wọn dání. Wọ́n ní kí n máa ka ìwé náà sókè, ojú ewé kọ̀ọ̀kan. A ò tíì kúrò ní ojú ewé kejì tí wọ́n fi mú iná lọ, wọ́n sì ní kí n tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi.