Ká Ti Ní Owó Nílẹ̀ Kí Ajá Tó Fara Pa

Ẹ̀yin ará Òṣogbo, ó ti lé lọ́sẹ̀ méjì tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan ni ọkọ̀ gbá ajá nítòsí Ọlá-Ìyá, tí ọkọ̀ náà ò sì dúró. Abo ajá pupa ni. Nígbà tí mo fi débẹ̀, ẹsẹ̀ iwájú ló fi ń wọ́ ara rẹ̀ lọ sẹ́bàá gọ́tà, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan ń rọ̀ dirodiro, egungun ti yọ síta. Ìyá tó ń ta àgbàdo sísun dìde, ó bọ́ àpò ìrẹsì tó tẹ́ sórí àpótí rẹ̀ fún mi. Ọmọkùnrin ọlọ́kadà kan ló bá mi gbé e. Mo fi ìborùn mi di ẹnu ajá náà, torí ajá tí ara ń ro lè gé ẹni tó ń ràn án lọ́wọ́ jẹ. Ẹnìkan ti gbé epo pupa wá, ó fẹ́ dà á sí i lẹ́nu. Mo ní rárá. Ẹ jọ̀ọ́, epo lè gba ọ̀nà èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ má sì fún ẹranko ní oògùn ìrora tiwa èèyàn: ibuprofen ń ba kíndìnrín ajá jẹ́, paracetamol ń pa ológbò.

Dókítà ẹranko tí a gbé e lọ bá dá ẹ̀jẹ̀ dúró, ó gún un lábẹ́rẹ́ ìrora, kò gba kọ́bọ̀. Àmọ́ X-ray àti iṣẹ́ abẹ jẹ́ ₦85,000, ká kọ́kọ́ mú ìdajì wá. Mi ò bínú sí i. Ọjà lòun náà ti ń ra oògùn akunilóorun, epo jẹnẹrétọ̀ sì wà níbẹ̀.

Mo gbé fọ́tò rẹ̀ sórí status mi. Àwọn tó fi àmì ẹkún sí i lé ní ogójì. Títí aago mẹ́wàá alẹ́, ₦11,500 ló wọlé. Sátidé, ₦9,000. Ọ̀sán Sunday ni ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ìkìrun fi ìyókù ìdajì náà ránṣẹ́. Egbò náà ti ń rùn. Wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀hún. Dókítà ní ká ní àárọ̀ Sátidé ni, bóyá irin lòun ìbá fi so egungun náà pọ̀.

Owó náà pé, àmọ́ ó pẹ́ kó tó pé.

Ìyá ọlọ́jà ní Ìgbóǹà kì í dúró dìgbà tí wọ́n bá lé ọmọ rẹ̀ nílé ìwé kó tó bẹ̀rẹ̀ àjọ. Kí ló dé tí a ò lè dá àjọ fún èyí? Èèyàn 50, ₦1,000 lóṣù, ₦50,000 nìyẹn. Ká bá dókítà sọ ọ́ sílẹ̀: ẹranko bá ti dé, kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kó fi rìsíìtì ránṣẹ́, ká gbé rìsíìtì náà síbi tí gbogbo olùdáwó á ti rí i. Ká fẹnu kò lórí iye tí a ó ná lórí ẹyọ kan, torí ìgbà mìíràn wà tí ẹ̀yìn ti ṣẹ́, tó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ tí yóò fi sùn lọ láìjẹ̀rora mọ́ ni àánú tó kù.

Bọ̀dá kan bi mí pé ebi ń pa èèyàn, ajá ni mò ń wówó fún. Mo gbọ́ ọ; ebi ń pa èèyàn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú àjọ yìí náà la ó ti máa gún abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi fún gbogbo ajá tí a bá gbà, àìsàn tó jẹ́ pé bó bá ti fara hàn lára ọmọ èèyàn, agbára káká la fi ń rí ẹni tó yè é. (Bí ajá bá gé yín jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ gba ọsibítù lọ lọ́jọ́ náà gan-an.)

Èèyàn méjìlá ti ní àwọn á dá a. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé, kó kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Ajá náà wà lẹ́yìnkùlé mi. Lánàá, ó fi ẹsẹ̀ mẹ́ta rìn dé ìdí kànga.