Sọ́mà Dé, Òjò Ò Dá

Alẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè ni ìwé ìpè náà já bọ́ sórí WhatsApp ẹ̀síteètì wa lọ́nà Ìtamágà. Wọ́n ya oòrùn gbàǹgbà sí i lórí, wọ́n ya igi àgbọn sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n wá kọ ọ́ gàdàgbà pé: “Fúrúùtù Sàláàdì Sọ́mà. Aṣọ funfun nìkan. ₦5,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan.” Bí mo ṣe ń kà á ni omi ń kán tó, tó, tó láti ojú àjà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí ìyàwó mi gbé sáàárín pálọ̀. Ọjọ́ kẹta rèé tí òjò ti ń rọ̀ ní Ìkòròdú láìdá, tí aṣọ tí a sá sínú ilé ti bẹ̀rẹ̀ sí í rùn.

“Ìyá Ìbejì, èwo ni sọ́mà?”

“Bàbá Ìbejì, ẹ má bẹ̀rẹ̀ o. Gbogbo ẹ̀síteètì ló ń lọ.”

Mo bẹ̀rẹ̀ náà. Sọ́mà, fún ẹni tí kò bá mọ̀, ni ìgbà oòrùn àwọn òyìnbó. Nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù Òkúdù ló máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, a sì máa lọ wọ oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà. Ẹni tó ti ń wọ kóòtù lé kóòtù láti bí oṣù mélòó kan, tí yìnyín ti fi imú rẹ̀ ṣe ohun tó wù ú, bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá rí oòrùn, tó bọ́ra sílẹ̀, tó gé èso tútù sábọ́, ta ni yóò bá a wí? Oòrùn tirẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n oṣù Òkúdù tiwa nìyí: oṣù tí òjò ń rọ̀ bí ẹni pé ó jẹ wá ní gbèsè. Oṣù Èrèlè àti Ẹrẹ́nà ni ooru ń bó wa láwọ, tí onílé àti ayálégbé á jọ tẹ́ ẹní sí fàráǹdà. Nígbà yẹn, ẹ ò ní gbúròó sọ́mà kankan. Ẹni tí ooru ń sè kì í ráyè fáàrí.

Ìyá Sọ́mà là ń pe ẹni tó gbé àpèjẹ náà kalẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ni o. Ọmọ rẹ̀ bímọ sí Kánádà lọ́dún tó kọjá, màmá lọ wẹ ọmọ tuntun, ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré! Àtìgbà tó ti dé ni kò ti sí ẹ̀ẹ̀rùn mọ́, tí kò sí òjò mọ́. Sọ́mà àti wíńtà ló kù. Ẹ̀bi rẹ̀ nìkan kọ́ ṣá. Àwọn iléèwé wa ló kọ́kọ́ da ọ̀rọ̀ yìí rú, tí wọ́n ń kó ọmọ jọ nínú oṣù Ògún, súwẹ́tà lọ́rùn, agboòrùn lọ́wọ́, tí wọ́n sì ń gba owó “sọ́mà lẹ́sìn” lọ́wọ́ bàbá wọn. Èmi náà ti san án rí, nítorí náà mi ò lẹ́nu ọ̀rọ̀ púpọ̀ níbẹ̀.

Lẹ́yìn tí a san ₦5,000 tán, wọ́n tún pín èso tí ilé kọ̀ọ̀kan máa gbé wá. (Ẹ má bi mí ohun tí wọ́n fi owó ṣe.) Bàrà, ọ̀pẹ̀yìnbó, sitọrọ́bẹ́rì àti ewé míǹtì ló bọ́ sí wa lọ́wọ́, ni mo bá gba ọjà Sábó lọ. Ìyá eléso tí mo máa ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ jókòó sábẹ́ agboòrùn ńlá, ó fi ọ̀rá wé ẹsẹ̀ méjèèjì. Ó gbé bàrà kan, ó fi ìka gbá a, ó tẹ́tí sí bó ṣe ń dún, ó gbé e sílẹ̀. Ó gbá òmíràn, ó rẹ́rìn-ín. “Èyí nìyí, ọkọ mi. Òkè Ọya ló ti wá, Máìlì 12 ni mo ti gbé e láàárọ̀.”

Nígbà tí mo dárúkọ sitọrọ́bẹ́rì, ó wò mí bí ẹni tó wá ra wàrà kìnnìún. Ó ń hù nílẹ̀ wa o, lọ́hùn-ún ní Jos níbi tí ilẹ̀ ti ga tí otútù ti ń mú, ṣùgbọ́n èyí tó bá ti Jos dé Sábó láìdi ọbẹ̀, ó yẹ ká ṣe ìdúpẹ́ fún un. Ó ku ewé míǹtì. Ìyá ronú díẹ̀, ó nawọ́ sí àtẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó já ẹ̀fìnrìn fún mi. “Ẹ máa mú un lọ, wọ́n jọ ń ta sánsán ni.” Mo fẹ́ jiyàn, àmọ́ àwọn tó mọ̀ nípa ewé sọ pé ẹbí kan náà ni míǹtì àti ẹ̀fìnrìn lóòótọ́. Mo sanwó. Ẹ sì wò ó, ìlú tí a ń sọ yìí, ìtàn tí àwọn àgbà ń pa ni pé ẹ̀fọ́ ló fún un lórúkọ: Oko Ọ̀dú ló di Ìkòròdú. Ọ̀dú tí kì í ṣàìmọ̀ fólóko ti wá di àìmọ̀ fọ́mọ olóko. Míǹtì ló ń wá kiri nínú òjò.

Sátidé pé. Láti oríta dé ẹnu ọ̀nà Ìyá Sọ́mà, ẹrẹ̀ ni. Àwọn obìnrin tó wọ funfun báláú ká ṣòkòtò dé orúnkún, wọ́n fi bàtà sọ́wọ́. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kan sáré kọjá, ó fọ́n omi pupa sí alága ẹgbẹ́ onílé láti àyà dé ẹsẹ̀. Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Nínú àgbàlá, wọ́n ta tapólì sókè, abẹ́ rẹ̀ la fún mọ́ra sí bí adìyẹ inú agọ̀ ọjà, tí omi ń kán sí wa lọ́rùn. Awò dúdú wà lójú wa. Àkẹtẹ̀ wà lórí wa. Àkẹtẹ̀ tí bàbá mi fi roko títí ó fi kú, tí ojú máa ń ti èmi láti bá a gbé wálé nígbà náà, ₦7,000 ni ìyàwó mi rà á.

Wọ́n gbé abọ́ jáde. Aago mẹ́fà ìdájí ni wọ́n ti gé èso inú rẹ̀, aago méjì ọ̀sán la tó fojú kàn án. Iná ti lọ láàárọ̀, jẹnẹrétọ̀ ti mu omi òjò, fíríìjì ti di kọ́bọ́ọ̀dù. Èso tí wọ́n ti gé, tó bá ti lo wákàtí 2 láìsí nínú òtútù, ó yẹ kéèyàn máa fura sí i. A ò sì tíì gbàgbé oṣù Òkúdù 2024 tí onígbáméjì wọ Èkó, tí Ìkòròdú wà lára ibi tó ti jà. Ìyá Sọ́mà ní ká fọkàn balẹ̀, òun ti da súgà sí i. Súgà náà ṣe iṣẹ́ rẹ̀: ó fa omi gbogbo èso jáde, èso wá ń lúwẹ̀ẹ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó yẹ kó wọ abọ́ kẹ́yìn, nígbà tí ṣíbí ti wà lọ́wọ́, òun ni wọ́n kọ́kọ́ gé. Ó ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Ìwé bí wọ́n ṣe ń ṣe é, èyí tó ti ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Kánádà wá, ní kí wọ́n fún lẹ́mọ́ọ̀nù lé e kí atẹ́gùn má bàa pa á láwọ̀ dà. Wọn ò rí lẹ́mọ́ọ̀nù, kò sì sẹ́ni tó rántí pé ọsàn wẹ́wẹ́ wà láyé.

Kọ́ọ̀pù tí wọ́n bù ú sí kò ju èyí tí à ń fi wọn oògùn ikọ́ fọ́mọdé lọ. Mo ka tèmi: bàrà onígun mẹ́rin, méjì, ìbẹ́pẹ, ẹyọ kan, ọ̀pẹ̀yìnbó, ẹyọ kan, gírépù, ààbọ̀. Ẹni tó gé gírépù sí méjì, ọkàn rẹ̀ le. Ewé ẹ̀fìnrìn kan dúró ṣánṣán lórí rẹ̀ bí ìyẹ́ lórí fìlà. Bàbá àgbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbóòórùn rẹ̀, ojú bàbá tàn.

“Ọmọ mi, ẹja àrọ̀ náà dà?”

A ò sì gbọdọ̀ tíì jẹ ẹ́. Fídíò ló kọ́kọ́ jẹun. Ká gbé kọ́ọ̀pù sókè, ká rẹ́rìn-ín, ká ṣe bí ẹni tí ooru ń mú. “Ẹ máa fẹ́ra yín!” ni ọmọ tó ń yà wá ń pariwo. À ń fẹ́ra wa, à ń gbọ̀n. Ibi tí mo ti ń gbọ̀n ni mo ti rántí ìyá mi níwájú ilé wa: ọsàn lọ́wọ́ òsì, bíléèdì lọ́wọ́ ọ̀tún, èèpo á máa yí wálẹ̀ gbọọrọ, a ó máa bá ara wa ta pé yóò já, kò ní já títí yóò fi kanlẹ̀. Ó gé orí rẹ̀, a fún un sẹ́nu, ó tán. Ọmọ mẹ́rin, ọsàn mẹ́rin. Kò sẹ́ni tó bi wá lóhun tí a wọ̀.

Ẹ̀fúùfù kan ló tú wa ká. Ó gbá tapólì sókè, ó da odidi omi inú rẹ̀ sínú abọ́ ńlá, ó sì mi igi máńgòrò ilé kejì. A gbọ́ gbì. Gbì. Gbì-gbì. Àwọn ọmọdé kò jẹ́ kó dún tán tí wọ́n fi sá sínú òjò. Alága tẹ̀ lé wọn. Aṣọ tirẹ̀ ṣáà ti bàjẹ́. Kò pẹ́ tí àkẹtẹ̀ fi di apẹ̀rẹ̀, tí àwọn ìyàwó ilé ń fi ṣa máńgòrò.

Mo yà sẹ́yìn ilé ìdáná láti wá omi fi ṣanwọ́, mo bá Ìyá Sọ́mà níbẹ̀. Ó ti ti awò dúdú lọ sórí. Ó fi eyín bó èèpo máńgòrò, ó tu ú dànù, ó fi gbogbo ẹnu bò ó, ó ń fà á. Omi rẹ̀ gba àtẹ́lẹwọ́, ó gba ìgúnpá, ó ń kán sórí aṣọ funfun. Okùn máńgòrò ti há a léyín. Ojú èmi àti òun ṣe mẹ́rin.

“Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yà mí o.”

Mo ti yà á.