Hangover kejì ò pa mí lẹ́rìn-ín o
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ ọ́ pé fíìmù apanilẹ́rìn-ín The Hangover kejì dùn ju àkọ́kọ́ lọ, ẹ jọ̀ọ́ o. Ti 2009 ní Las Vegas, ọkọ ìyàwó sọnù lẹ́yìn pátì, a rẹ́rìn-ín títí. Ti 2011 wọ́n kàn kó gbogbo ẹ̀ lọ sí Bangkok ni, àwọn ọ̀rẹ́ ọ̀hún tún mutí yó, wọ́n jí, wọn ò rántí nǹkan kan, àbúrò ìyàwó ló wá sọnù lọ́tẹ̀ yìí, eyín Stu, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ náà, tó yọ nígbà yẹn ti di tátúù ojú bíi ti Mike Tyson, wọ́n wá fi ọ̀bọ kún un. Ẹ bi wá l'Ékìtì, ta ló ń gbé iyán àná fún àlejò? Chow, ọ̀daràn inú fíìmù náà, nìkan ló ṣì gbìyànjú díẹ̀. Bangkok tóbi tó yẹn, kí ni wọ́n tiẹ̀ fi í ṣe?