Randy Weston kì í ṣe ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó o

Ẹ̀yin tèmi, fídíò tí wọ́n ń fọ́wọ́ọ̀dù kiri lórí WhatsApp yẹn, pé Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n bí Randy Weston tó ń tẹ píánò jáàsì sí, pé òyìnbó kan ló gbé e lọ Amẹ́ríkà ní kékeré, irọ́ ni o, irọ́ funfun báláú. Brooklyn ní New York ni wọ́n bí i sí ní 1926, ibẹ̀ náà ló kú sí ní 2018.

Bàbá ẹ̀ ló máa ń sọ fún un pé ọmọ Áfíríkà tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà ni, òun náà sì ń sọ ọ́ kiri, àwọn kan wá lọ fi Ìsàlẹ̀ Èkó há a láàárín, àbí ẹ̀yin náà ò rí nǹkan.

Èkó mọ̀ ọ́n ṣá. December 1961 ló kọ́kọ́ wá, òun pẹ̀lú àwọn olórin Amẹ́ríkà bíi Nina Simone àti Lionel Hampton, ó tún wá ní 1963, ó sì wá sí FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn èèyàn dúdú, ní 1977. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé nínú àwo ẹ̀ tó ń jẹ́ Highlife, 1963 náà, ó gbé orin Bobby Benson wa sí i, Niger Mambo, Bobby Benson tó ni Caban Bamboo, ilé fàájì ní Ikorodu Road yẹn! Weston fúnra ẹ̀ ga fíofío, ọwọ́ ẹ̀ tóbi, tó bá dé ìsàlẹ̀ píánò níbi tóhùn ti ń dún kíkẹ̀, bí ẹni ń lu ìlù ni.

Ibi tó sì gbé gan-an ní Áfíríkà, Tangier ni, ní Morocco, kì í ṣe Sùúrùlérè tí fídíò yẹn ń pariwo.