Èsì wa sí oníbàárà tí a kò gba abẹ́rẹ́ tó ṣẹ́kù padà lọ́wọ́ rẹ̀

Ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìtọ́jú bàbá, ẹ sì kú ewu. A ka ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ nípa fámásì wa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, inú wa sì dùn pé bàbá ti padà sílé, tí wọ́n ń fẹsẹ̀ ara wọn rìn. Nítorí pé ní gbangba ni ẹ ti sọ tiyín, ní gbangba náà ni èmi tí mo ni fámásì yìí, tí mo sì wà níbẹ̀ ní òru ọjọ́ náà, fẹ́ ti fèsì, kí ẹlòmíràn tí ó ní aláìsàn ní ilé ìwòsàn lè rí ohun kan mú lò nínú rẹ̀.

Fún àwọn tí kò ka ọ̀rọ̀ yín, ohun tí ẹ sọ nìyí: ibà líle ni ó gbé bàbá dé ilé ìwòsàn kan ní ìlú yìí ní alẹ́, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n sì rán àbúrò yín wá sí ojú fèrèsé wa kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ ní a ń da ìbéèrè bò ó nígbà tí ọ̀ràn ti di ti ẹ̀mí. Ẹ ní ọmọ kékeré tí ó wà ní ibùsùn ẹ̀gbẹ́ gba abẹ́rẹ́ kan náà lọ́fẹ̀ẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin sanwó. Lẹ́yìn náà ẹ kó ìgò abẹ́rẹ́ mẹ́fà tí wọn kò lò padà wá bá wa, a kọ̀ láti gbà á, nígbà tí ọkùnrin kan ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn ti ṣe tán láti fún yín ní ìdajì owó rẹ̀. Ẹ wá fi í parí pé owó nìkan ni a mọ̀. Ọ̀rọ̀ ìgò mẹ́fà yìí ni n ó pẹ́ lé lórí jù, torí òun ni ó kàn wá tààrà, òun náà sì ni mo rò pé ẹnikẹ́ni kò jókòó ṣàlàyé fún yín ní ilé ìwòsàn.

N kò ní sọ ohun tí ó wà nínú ìwé oògùn bàbá yín níta gbangba. Bí wọ́n ṣe ń lo abẹ́rẹ́ náà fún àgbàlagbà èyíkéyìí ni n ó sọ. Artesunate ni orúkọ rẹ̀, òun ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ní kí a kọ́kọ́ fi tọ́jú ibà líle. Wọ́n á gún un ní kété tí aláìsàn bá dé, wọ́n á tún un gún lẹ́yìn wákàtí 12, wọ́n á gún ẹ̀kẹta nígbà tí ó bá pé wákàtí 24, lẹ́yìn ìyẹn ni yóò di ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́. Mílígíráàmù 2.4 ni fún kílò kọ̀ọ̀kan tí àgbàlagbà bá wọ̀n. Ẹni tí ó bá wọ̀n tó kílò 60 yóò gba mílígíráàmù 144 lẹ́ẹ̀kan, bí ó bá sì jẹ́ ìgò onímílígíráàmù 60 ni ó wà nílẹ̀, ìgò mẹ́ta ni wọn yóò tú. Dókítà tí ó bá kọ ìgbà márùn-ún sílẹ̀ ti kọ ìgò 15 nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí aláìsàn bá ti gba ti wákàtí 24 tán, tí ojú rẹ̀ ti là, tí ó ń jẹun, tí ó sì lè gbé oògùn mì, ìlànà ni pé kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n bọ́ sórí oògùn oníhóró tí yóò lò fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìgò mẹ́sàn-án ti lọ, mẹ́fà kù. Mẹ́fà tí ó kù yìí kò fi hàn pé dókítà kọ àkọjù tàbí pé a ta àtàjù. Ara tí ó tètè yá ni ó fi í sílẹ̀. Mo mọ̀ pé àlàyé yìí kò dá owó padà sí àpò yín.

Ìdí tí a kò fi gbà á ni pé oògùn tí ó bá ti jáde kúrò lọ́wọ́ wa, kò sí ẹni tí ó lè jẹ́rìí sí ibi tí ó sùn. Wọn kì í tọ́jú Artesunate síbi tí ooru rẹ̀ bá ju 30°C lọ. Ẹ mọ bí yàrá aláìsàn ti í gbóná ní ọ̀sán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ sì mọ ohun tí oòrùn ń ṣe fún àpò rọ́bà tí a gbé kọ́ iwájú zémìjàn, ọ̀kadà wa, láti Wàńdó dé àárín ìlú. Ti àwọn oògùn mìíràn tilẹ̀ le ju èyí lọ: oxytocin, abẹ́rẹ́ tí àwọn agbẹ̀bí fi ń dènà kí ẹ̀jẹ̀ má ya lára abiyamọ, ààrin 2 sí 8°C ni ó yẹ kí ó máa gbé, bí ooru bá sì bà á jẹ́, àwọ̀ rẹ̀ kò ní yí padà, àkọlé ara rẹ̀ kò sì ní parẹ́. Agbára rẹ̀ nìkan ni yóò ti lọ. Ojú lásán kò lè rí èyí, kò sì sí ẹ̀rọ kankan lórí káńtà wa tí ó lè rí i. Mo gbà pé ẹ tọ́jú ìgò yín dáadáa, mo sì gbà yín gbọ́ nígbà tí ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ mi lọ́la kò mọ̀ yín. Èmi ni ó mọ̀, ọ̀rọ̀ tèmi ni yóò sì fi gún bàbá tirẹ̀.

Ní ti owó, ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ pọ̀. Iye tí ìjọba fọwọ́ sí ni à ń ta oògùn, bóyá ọ̀sán ni ẹ wá tàbí òru ni. Bí ó bá jẹ́ pé èrè ni mò ń wá, gbígbà ni ǹ bá gbà á: ǹ bá san ìdajì owó fún yín, kí n sì tún un tà ní odindi owó fún ẹni tí ó kàn. Ohun tí ọkùnrin ẹnu ọ̀nà yẹn fẹ́ ṣe gan-an nìyẹn, àfi pé kò ní fámásì tí yóò ti tà á. Níbo ni ẹ rò pé ó ń gbé e lọ? Orí tábìlì ẹ̀bá ọ̀nà ni, níbi tí ojúlówó tí ó ti bà jẹ́ àti ayédèrú ti ń wọnú ara wọn tí ẹnikẹ́ni kò fi lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2009, Kútọnu ní ilẹ̀ wa níbí ni Jacques Chirac, ààrẹ ilẹ̀ Faransé tẹ́lẹ̀ rí, ti wá pe gbogbo ayé láti gbógun ti ayédèrú oògùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017 ni ìjọba wa já wọ Adjégounlè, apá ibi tí wọ́n ti ń ta oògùn nígbà náà nínú ọjà Dantokpa ní Kútọnu, tí wọ́n sì kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ tọ́ọ̀nù oògùn lọ. Ọjà ńlá ni wọ́n lè já wọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn oní-ìgò-mẹ́fà tí ń dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, ìdílé aláìsàn fúnra wọn ni ó lè mú kí ọjà wọn gbẹ.

Ti ìbéèrè kò gùn. Ìgò onímílígíráàmù 30, 60 àti 120 ni Artesunate ní, ìwé tí àbúrò yín mú wá kò sì sọ èwo. (Ìkọ̀wé àwọn dókítà wa ní òru, àdúrà ni ó kù.) A bi í ní iye tí bàbá wọ̀n àti bóyá wọ́n ti gba oògùn ibà kankan kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn, a sì pe yàrá ìtọ́jú náà lórí fóònù. Bí òru bá ṣú jù báyìí lọ, tí ẹni tí ó dúró níwájú wa sì ń sunkún, a ó ṣì béèrè.

Ti ọmọ tí ó wà ní ibùsùn ẹ̀gbẹ́, kò sí ojúsàájú níbẹ̀. Láti ọdún 2011 ni ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ti gba ìtọ́jú ibà àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún àti ti àwọn aboyún sọ́rùn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti gba iṣẹ́ abẹ ìbímọ sọ́rùn láti ọdún 2009. Bàbá kò sí nínú àwọn wọ̀nyí.

Wàyí o, ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Níbí, mo wà lẹ́yìn yín. Ẹ̀sùn náà kì í ṣe ti fámásì, n kò sì ní dárúkọ ilé ìwòsàn tí ẹ dárúkọ, ṣùgbọ́n èmi ni mo ń dúró ní ìdí fèrèsé, mo sì ń rí ojú kan náà tí ó ń padà wá, tí ó ń rẹ̀ sí i nígbàkígbà. Àwọn ìrìn kan wà tí kò ṣeé yẹ̀. Nọ́ọ̀sì kò lè mọ̀ ní aago mẹ́sàn-án pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí yóò jáde ní aago méjìlá yóò béèrè fún omi ṣúgà tàbí fún ohun èlò tí wọ́n fi ń fa ẹ̀jẹ̀ síni lára, ó sì lè jẹ́ pé òun nìkan ni ó ń ṣọ́ gbogbo yàrá náà. Ṣùgbọ́n ìbọ̀wọ́, òwú, sìríǹjì, séròmù (omi tí wọ́n ń fà síni lára), okùn tí wọ́n fi ń fa séròmù náà àti bàńdéèjì, ta ni kò mọ̀ pé ẹni tí ibà líle gbé wá yóò lò wọ́n? Kí wọ́n kọ ìbọ̀wọ́ sí ìwé kan ní aago mẹ́wàá, kí wọ́n kọ sìríǹjì sí òmíràn ní aago mọ́kànlá, ìyẹn kò ní àwíjàre kankan lójú mi, mo sì ti sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lójúkojú. Nígbà tí àwọn mínísítà ìlera Áfíríkà péjọ sí Bámákò, ní ilẹ̀ Málì, ní ọdún 1987, tí wọ́n gbà pé kí àwọn ará ìlú máa dá sí owó oògùn kí pẹpẹ ilé ìtọ́jú má baà ṣófo, ohun tí wọ́n ń rò ni oògùn tí yóò wà nítòsí aláìsàn. N kò bá ètò náà jà. Ohun tí mò ń bá jà ni kí ọmọ aláìsàn máa sáré la títì kọjá lóru nítorí ohun tí ó yẹ kí ó ti wà lórí ìwé àkọ́kọ́.

Ohun tí ẹni tí ó bá tún bá ara rẹ̀ nírú ipò yìí lè ṣe ni pé, kí ó tó kúrò nínú yàrá ìtọ́jú, kí ó fi sùúrù bi nọ́ọ̀sì pé kí ni wọn yóò tún lò títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, kí ó sì bẹ̀ ẹ́ kí ó kọ gbogbo rẹ̀ sí ìwé kan ṣoṣo. Bí ó bá dé ọ̀dọ̀ wa, kò pọn dandan kí ó ra gbogbo ìgò tí dókítà kọ lẹ́ẹ̀kan náà. A máa ń ta ti wákàtí 24 àkọ́kọ́, a ó kọ iye tí a ti fún un sára ìwé náà, a ó lu òǹtẹ̀ sí i, kí ó lè padà wá ra ìyókù bí dókítà bá ní kí wọ́n tẹ̀síwájú. A sọ èyí fún àbúrò yín ní òru ọjọ́ náà; ó ní òun yóò ra gbogbo rẹ̀, nítorí òun kò fẹ́ tún jáde mọ́. Kò sí ẹni tí yóò bá a wí, nítorí ìrìn kẹrin rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọ̀nà yìí pín oògùn oníhóró tí ó ní iye ọjọ́ tí a gbọ́dọ̀ lò ó pé. Mo ti rí ọ̀pọ̀ tí ó ra ìlàjì, tí ara fúyẹ́, tí wọn kò sì padà wá fún ìlàjì kejì.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe tọ́jú ìgò mẹ́fà yẹn de ibà tí ó ń bọ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ará àdúgbò tí ó mọ abẹ́rẹ́ gún fi gún ẹnikẹ́ni, torí ibà líle kì í ṣe ohun tí à ń tọ́jú nílé. Ẹ kó o wá. A kò ní san owó lé e lórí, ṣùgbọ́n a ó gbà á, a ó sì fi í kún àwọn oògùn tí a ó pa run.

Bàbá kò tíì jáde kúrò nínú àìsàn yìí pátápátá. Kí wọ́n lo oògùn oníhóró náà tán, bí ó bá sì jẹ́ artemether-lumefantrine ni wọ́n kọ fún wọn, kí wọ́n máa lò ó pẹ̀lú oúnjẹ tí ó ní òróró tàbí wàrà, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ara ń gbà á dáadáa. Ohun kejì ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù. Àwọn kan wà tí wọ́n gba abẹ́rẹ́ Artesunate, tí ara wọn yá, tí ẹ̀jẹ̀ wọn sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó ń ṣe, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i láàárín oṣù yìí pé ìtọ̀ wọn dúdú, pé ojú wọn funfun tàbí pọ́n bí òróró, tàbí pé ó ń rẹ̀ wọ́n láìnídìí, ẹ gbé wọn padà lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an, kí ẹ sì sọ fún ẹni tí ó bá gbà yín pé Artesunate ni wọ́n gún fún wọn àti ọjọ́ tí wọ́n gún un. Ọjọ́ tí ẹ rà á wà lórí rìsíìtì wa. Bí ẹ kò bá rí i mọ́, ẹ wá, a ó tẹ òmíràn fún yín.

Apòògùn yín, ní Àjàṣẹ́