Kí ló dé tá a fi yí orúkọ ẹ̀ padà?

Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́, ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Ọmọ àǹtí mi kan wà, bíríkìlà ni, ìgbà tó ń gbé búlọ́ọ̀kù ní sáìtì láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, gbogbo wa là ń yìn ín pé ọmọ yìí mà lágbára o, kì í rẹ̀ ẹ́ rárá. Ẹ̀yin èèyàn mi, a mọ̀ pé tramadol, oògùn apàrora yẹn, ló ń lò. Èmi fúnra mi rí káàdì oògùn náà lápò ṣòkòtò ẹ̀, mílígíráàmù 225 ni wọ́n kọ sí i lára, bẹ́ẹ̀ èyí tí NAFDAC, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn, fọwọ́ sí ò kọjá 100, á fi piọ́ wọ́tà gbé méjì mì kó tó mú ṣọ́bìrì. Kò sẹ́ni tó bá a wí, torí owó ń wọlé, gbogbo wa la sì ń jẹ níbẹ̀.

Ìgbà tó wá di bárakú, tó ṣubú lulẹ̀ ní sáìtì lọ́jọ́ kan tí ara ẹ̀ ń gbọ̀n bíi ti oníwárápá, ìgbà yẹn ni alágbára di amugbó, ó di ọmọ ìta. Mo ní ká gbé e lọ Aro, ilé ìwòsàn ọpọlọ l'Abẹ́òkúta, wọ́n ń tọ́jú irú ẹ̀ níbẹ̀, ìyá ẹ̀ bú sẹ́kún, ó ní ṣé mo fẹ́ káráyé máa pe ọmọ òun ní wèrè ni. Ilé àdúrà ni wọ́n gbé e lọ, wọ́n fi ṣẹkẹṣẹkẹ dè é mọ́ òpó fún oṣù méjì. Oògùn kan náà ni o, ọmọ kan náà.

Èyí ló jẹ́ kí n máa rò ó pé àwa èèyàn là ń pinnu ohun tó máa jẹ́ ìṣòro. Ẹ wo ògógóró, láyé ìjọba òyìnbó wọ́n ń torí ẹ̀ ju àwọn bàbá wa sẹ́wọ̀n, ṣùgbọ́n jíìnì tó ń ti òkè òkun bá ọkọ̀ ojú omi wọlé, tí wọ́n ń gba owó kọ́sítọ́ọ̀mù lórí ẹ̀, ìyẹn ò lẹ́ṣẹ̀. Lónìí ògógóró yẹn náà ni wọ́n fi ń rẹ egbò paraga ní gáréèjì, dírẹ́bà á mu ún láàárọ̀ kùtù kó tó gbé èèyàn 14 sínú bọ́ọ̀sì, a ò ní pè é lólóògùn olóró láéláé.

Igbó ńkọ́? Ní 1966 ìjọba ológun ṣòfin pé ẹni tó bá gbìn ín lè kú tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n ọdún 21, ẹni tó bá mu ún, ó kéré tán ọdún 10. Ìwádìí tí UN àti ìjọba wa gbé jáde ní 2019 ní mílíọ̀nù 10.6 èèyàn ló ń mu ún láàárín ọdún kan ṣoṣo, tí wọ́n bá sì ka gbogbo oògùn pọ̀, nínú èèyàn mẹ́ta tọ́jọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 15 sí 64 l'Ékòó, ọ̀kan ń lo nǹkan. Ṣé ọmọ ìta ni gbogbo wọn? Codeine tí wọ́n fòfin dè ní 2018 ńkọ́, ṣebí inú oògùn ikọ́ ló wà, nínú ilé olówó àti tálákà.

Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni lọ máa lò ó o, mo ti rí ohun tó ń ṣe fún èèyàn. Ohun tó ń dùn mí ni pé ìtìjú tá a dì lé e lórí ni ò jẹ́ kó tètè rí dókítà, oògùn náà kọ́ ló fi ṣẹkẹṣẹkẹ sí i lẹ́sẹ̀, àwa ni.

Ó ti padà sí sáìtì báyìí. Nínú oòrùn gangan, ìbọ̀sẹ̀ gígùn ló ń wọ̀, torí àpá yẹn ṣì wà lọ́rùn ẹsẹ̀ ẹ̀. Tí mo bá pè é, ohun tó máa kọ́kọ́ bi mí ni pé, bọ̀ọ̀dá, ṣé wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀ mi nílé?