Agbábọ́ọ̀lù márùn-ún kò túmọ̀ sí ìgbà márùn-ún

Láti etí pápá Charles de Gaulle ní Àjàṣẹ́ dé ibi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù ní Kétu, ohun kan náà lẹ máa gbọ́: “Èèyàn márùn-ún la lè pààrọ̀ báyìí, ìgbà tó bá wù wá la ó máa ṣe é.” Ti márùn-ún yẹn tọ̀nà. Ti “ìgbà tó bá wù wá” ni irọ́.

Ní ìdíje àwọn ẹgbẹ́ ńlá, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni ikọ̀ lè dá eré dúró láti pààrọ̀. Àsìkò àrùn Kòrónà, ní 2020, ni wọ́n gbé iye èèyàn kúrò ní mẹ́ta sí márùn-ún. Ó di òfin gbére ní 2022. Wọn ò fi kún iye ìgbà, kí ìdádúró má baà ba eré jẹ́.

Ẹ wo ibi tó ti ń dun ikọ̀. Akọ́nimọ̀ọ́gbá jẹ́ kí ìsinmi àárín eré kọjá lásán, ó wá mú ẹnì kan wọlé ní ìṣẹ́jú 47, òmíràn ní 60, òmíràn ní 72. Èèyàn méjì ṣì jókòó sórí bẹ́ńṣì tí wọn ò lè wọlé mọ́. Bí ẹnì kan bá fara pa ní 80 tí kò lè dìde, ẹni mẹ́wàá ni yóò parí eré náà. Ká ní ìgbà ìsinmi ló ti ṣe ti àkọ́kọ́ ni, ìgbà kan ì bá ṣì kù, torí pípààrọ̀ nígbà ìsinmi kì í wọnú ìṣirò. Nítorí náà, ẹ máa mú méjì wọlé pọ̀, kí ẹ sì fi ìgbà kan pamọ́ títí eré yóò fi fẹ́ parí.

Bí ikọ̀ méjèèjì bá pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́? Kálukú ti lo ìgbà kan nìyẹn.

Bí aṣọ́lé bá fara pa lẹ́yìn tí ìgbà pípààrọ̀ ti tán, ẹni tó wà lórí pápá lè wọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ kàn sọ fún arbitre kí bọ́ọ̀lù tó tún bẹ̀rẹ̀.

“Ẹni tó bá ti jáde kò lè pa dà wọlé mọ́” náà kì í ṣe òótọ́ níbi gbogbo. Àjọ bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè lè fàyè gbà á fún àwọn ọmọdé, àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù tó ti fẹ̀yìn tì, àwọn abirùn àti bọ́ọ̀lù àdúgbò. Ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọ̀rẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ pàápàá, ikọ̀ méjèèjì lè fẹnu kò sórí iye tó ju márùn-ún lọ, bí wọ́n bá ti sọ ọ́ fún arbitre kó tó fọn fèrè àkọ́kọ́.